Báwo La Ṣe Ń Mọ Ibi tí Ilẹ̀ Ti Máa Yẹ̀ Lábẹ́ Ojú Irin?

Ìpínlẹ̀ Èkìtì kò ní ojú irin kankan títí di òní. Ẹni tó bá fẹ́ wọ rélùwéè láti Ìjàn-Èkìtì, àfi kó kọ́kọ́ wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn, tàbí kó forí lé Itakpe ní Ìpínlẹ̀ Kogí, níbi tí ojú irin tó lọ sí Warri ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń dárúkọ ẹ̀ka kan tí yóò ti Òṣogbo wọ Adó-Èkìtì nínú ètò ìjọba àpapọ̀. Bí wọ́n bá wá dìde sí i lóòótọ́, tí wọ́n sì ní kó dé Ìkẹ́rẹ́, Ìjàn, Ìṣẹ̀ àti Èmùré, ohun tí ẹni tó mọ ilẹ̀ yìí máa kọ́kọ́ bèèrè ni pé: pẹ̀lú gbogbo òkè àti àpáta yìí, ṣé ilẹ̀ á gbà á?

Ìbéèrè gidi ni, àmọ́ àpáta tí gbogbo ojú ń wò kọ́ ló yẹ kó kó wa láyà sókè jù. Àpáta Olósùnta ti jókòó sí Ìkẹ́rẹ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ pé ó rì. Ohun tó máa ń gbé rélùwéè ṣubú káàkiri ayé ni ilẹ̀ rírọ̀ tó wà lórí àpáta tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti omi tí kò rí ọ̀nà lọ. Bí a ṣe ń wá ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé, kí ilẹ̀ tó yẹ̀, ni orí yìí dá lé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìdí tí rélùwéè fi ń bá ilẹ̀ fa wàhálà ju mọ́tò lọ. Rọ́bà ni táyà mọ́tò, ó máa ń di títì mú. Ẹsẹ̀ rélùwéè irin ni, ohun tó ń tẹ̀ náà irin ni, irin kì í sì í di irin mú dáadáa. Nítorí pé irin kì í tẹ̀ lábẹ́ ẹrù bíi rọ́bà, ọkọ̀ ojú irin lè fi agbára díẹ̀ fa ẹrù rẹpẹtẹ lórí ilẹ̀ tó tẹ́; ṣùgbọ́n nítorí pé kì í di irin mú dáadáa, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré lè dá a dúró. Nínú ìrìn 100 mítà, ojú irin tó ń gbé ẹrù kì í sábà gùn ju mítà 1 àti díẹ̀ lọ. Kò sì lè yí kọ́nà bí mọ́tò ṣe ń yí i. Bí òkè bá wà níwájú, àfi kí wọ́n gé e; bí àfonífojì bá wà, àfi kí wọ́n kó ilẹ̀ dí i tàbí kí wọ́n ṣe afárá. Nínú ìwé yìí, ibi tí wọ́n gé la ó máa pè ní *ibi àgé*, ibi tí wọ́n kó ilẹ̀ jọ la ó máa pè ní *òkìtì ọ̀nà*. Láàárín Ìkẹ́rẹ́ sí Èmùré, ojú irin á kàn máa ti inú àgé bọ́ sórí òkìtì ni, á tún ti orí òkìtì wọnú àgé. Ilẹ̀ tó ti fìdí balẹ̀ láti ọdún gbọọrọ, ọwọ́ ara wa la fi sọ ọ́ di ohun tó lè yẹ̀.

Ẹ lọ dúró níbi tí katapílà ti gé òkè lẹ́bàá ọ̀nà ní agbègbè yìí, kí ẹ wo ara ògiri ilẹ̀ náà láti òkè wá sísàlẹ̀. Lókè pátápátá ni ilẹ̀ dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí gbòǹgbò koríko wà nínú rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìlẹ̀pa pupa, yangí a sì máa bá a rìn nígbà mìíràn. Bí ojú bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, pupa náà á máa ṣá, funfun àti àwọ̀ eérú á máa yọ nínú rẹ̀. Ẹ óò rí ìlà àpáta ketekete níbẹ̀, àmọ́ bí ẹ bá fi èékánná ha á, á rún sílẹ̀. Àpáta ni tẹ́lẹ̀. Omi àti ooru ló jẹ ẹ́ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún wá. *Àpáta jíjẹrà* la ó máa pè é. Nínú rẹ̀ ni àwọn òkúta roboto dúdú máa ń rì sí, òmíràn tóbi ju mọ́tò lọ, nítorí pé ìjẹrà kò tíì dé inú wọn. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni àpáta gidi.

Ibi tí ó yẹ kí ẹ tẹjú mọ́ ni ojúkò tí àpáta jíjẹrà ti pàdé àpáta gidi. Lẹ́yìn òjò ńlá, ibẹ̀ ló máa ń sun omi. Òjò wọnú ìlẹ̀pa, ó gba inú àpáta jíjẹrà kọjá, ó bá àpáta tí kò ní ihò pàdé, ló bá yà sí ẹ̀gbẹ́, ó ń wá ibi tí wọ́n gé kó lè jáde. Bó bá rí ọ̀nà jáde, kò sí wàhálà. Bí kò bá rí i ńkọ́?

Hóró ilẹ̀ ń di ara wọn mú nítorí pé ìwúwo tó wà lórí wọn ń tẹ̀ wọ́n mọ́ra. Láàárín hóró àti hóró, ihò wà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, atẹ́gùn ló pọ̀ jù nínú ihò wọ̀nyí, ọ̀rinrin díẹ̀ tó kù sì tún ń fa àwọn hóró súnmọ́ra. Ohun tó ń jẹ́ kí ògiri ìlẹ̀pa dúró ṣánṣán láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kẹta nìyẹn, tí ẹni tó gé e á fi máa yangàn pé iṣẹ́ òun le. Nígbà tí omi bá kún ihò dẹ́nu, tí kò ríbi lọ, omi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ti hóró kúrò lára hóró. Ẹ jẹ́ ká pe èyí ní *ìtì omi*. Ìwúwo òkè náà kò dín kù, kódà ó ti lé sí i, nítorí omi náà ní ìwúwo tirẹ̀. Àmọ́ ìdìmú tó wà láàárín hóró ti dín. Bó bá dín dé ibi kan, òkè á ya.

Ìtì omi ló fà á tí ilẹ̀ fi lè ya lẹ́yìn tí òjò ti dá, tí oòrùn ti ń ràn, tí gbogbo èèyàn ti kúrò lójú iṣẹ́ ìṣọ́. Omi ń rìn díẹ̀díẹ̀ nínú ilẹ̀. Òun náà ló fà á tí òjò ọjọ́ kan ṣoṣo kì í fi í ṣàlàyé tán. Òjò ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó ṣáájú ni ká máa kà pọ̀ mọ́ ọn. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, òjò ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù Kẹrin, ó ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, ó tún ń padà wá ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá. Òjò tó padà wá yìí kò bá ilẹ̀ gbígbẹ. Ilẹ̀ tó ti mumi yó ló ń bá. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1957 ni ọkọ̀ ojú irin yẹ̀ ní Lálúpọn lẹ́bàá Ìbàdàn, tó pa èèyàn tó lé ní ọgọ́ta. Ẹ wo oṣù tó bọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àpáta díẹ̀, kó má baà dà bíi pé mo ti dá a láre pátápátá. Àpáta bí Olósùnta àti Orólẹ̀, inú ilẹ̀ jíjìn ló ti dì, pẹ̀lú ẹrù ilẹ̀ ńlá lórí rẹ̀. Nígbà tí àgbàrá ti gbá ilẹ̀ orí rẹ̀ lọ tán láti ìgbà láéláé, ẹrù kúrò lórí rẹ̀, ó nà díẹ̀, ó sì là ní ìpele-ìpele tó tẹ̀ lé ìrísí ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ara àwọn òkè wọ̀nyí fi máa ń ṣí. Omi á wọ inú ìlà náà, gbòǹgbò á tẹ̀ lé e, lọ́jọ́ kan pẹlẹbẹ kan á yọ̀ wálẹ̀. Ewu ni, ṣùgbọ́n ewu tí ojú lè rí tí etí sì lè gbọ́ ni. Ẹni tó mọṣẹ́ á fi òòlù gbá a: àpáta tó ṣì so mọ́ ìyá rẹ̀ á dún gooro, èyí tó ti là kúrò á dún gbò. Wọn á ké èyí tó ń dún gbò wálẹ̀, tàbí kí wọ́n fi ọ̀pá irin gígùn kàn án mọ́ èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tàbí kí wọ́n na nẹ́ẹ̀tì wáyà bò ó. Òkúta roboto inú àpáta jíjẹrà ló burú jù ú lọ, nítorí pé ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ni àgbàrá ń jẹ, òun fúnra rẹ̀ á sì máa dán níta bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Òkìtì ọ̀nà ní ìtàn tirẹ̀, ẹni tó bá sì gúnyán ní Èkìtì rí ti mọ ìdajì rẹ̀. Iyán tí omi kò tó nínú rẹ̀ kì í dì, kókó ló máa ń ní. Bí omi bá pọ̀ jù, ó di dẹ̀rọ̀dẹ̀rọ̀, kò ṣeé gbá lọ́wọ́. Ìwọ̀n omi kan wà láàárín méjèèjì tí ọmọ odó á fi ṣiṣẹ́ tí iyán á sì fà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ilẹ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ òkìtì. Wọ́n á tẹ́ ẹ ní ìpele tí kò nípọn, bí 20 sẹ̀ǹtímítà sí 30, wọ́n á wọ́n omi sí i ní ìwọ̀n tó yẹ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi rólà gún un léraléra, kí wọ́n tó tẹ́ òmíràn lé e. Agbaṣẹ́ṣe tí ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ ń lé, tó da ilẹ̀ mítà kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó fi rólà kọjá lórí rẹ̀, òkè nìkan ló gún. Kókó àti ihò wà nísàlẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Omi ló máa wá wọn jáde.

Ní ẹsẹ̀ òkìtì, níbi tí odò kékeré ti ń gba abẹ́ ọ̀nà kọjá, kọ́fátì á wà níbẹ̀. Ó dá mi lójú pé bí a bá fẹ́ mọ bí ìjọba ṣe ń tọ́jú rélùwéè rẹ̀, ẹnu kọ́fátì ló yẹ ká lọ yọjú wò, kì í ṣe gbọ̀ngàn ibùdókọ̀. Bí igi, ẹrẹ̀ àti ọ̀rá dí ẹnu rẹ̀, òkìtì ọ̀nà ti di ìdídò nìyẹn, iṣẹ́ tí ẹni tó kọ́ ọ kò bá a sọ. Omi á gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó lè gorí òkìtì kọjá kó sì jẹ ẹ́ láti òdìkejì. Ó sì lè wá ihò tí agbaṣẹ́ṣe fi sílẹ̀, kó máa gba inú rẹ̀, kó máa kó hóró ilẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, títí inú òkìtì á fi ṣófo tí òkè rẹ̀ á sì wọlé.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù níbẹ̀ ni pé nígbà tí ilẹ̀ bá ti lọ tán, irin méjèèjì lè ṣì so pọ̀, kí wọ́n kàn rọ̀ lófuurufú. Lórí ọ̀pọ̀ ojú irin, iná mànàmáná fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gba inú irin ló ń sọ fún àwọn tó wà nídìí iná adarí bóyá ọkọ̀ wà níbì kan, ó sì tún lè tú irin tó ṣẹ́ fó. Irin tó rọ̀ lófuurufú kò ṣẹ́. Iná á ṣì máa gba inú rẹ̀, iná aláwọ̀ ewé á sì máa tàn fún ọkọ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ má sì ṣe rò pé orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ ti bọ́ nínú èyí. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, òjò ńlá rọ̀ láàárọ̀ ní Carmont, nítòsí Stonehaven ní Scotland. Òjò bíi wákàtí mẹ́ta fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin èyí tó máa ń rọ̀ níbẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ látòkè délẹ̀. Ọkọ̀ kan tó ń sáré tó nǹkan bí 117 kìlómítà ní wákàtí kan kọlu òkúta wẹ́wẹ́ tí omi gbá sórí irin, ó yẹ̀, èèyàn 3 nínú 9 tó wà nínú rẹ̀ kú. Níbo ni òkúta wẹ́wẹ́ náà ti wá? Inú kòtò tí wọ́n gbẹ́ láti fi fa omi kúrò lára òkè náà ni, kí ojú irin lè wà láìléwu. Nígbà tí àwọn oníwàádìí gbé ìròyìn wọn jáde ní oṣù Kẹta 2022, wọ́n ní kòtò náà kò bá àwòrán iṣẹ́ mu. Ebè ilẹ̀ kan tí kò sí nínú àwòrán ló ń darí omi púpọ̀ sínú rẹ̀. Lọ́dún 2023, ilé ẹjọ́ ní Aberdeen bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 6.7 pọ́n-ùn lé Network Rail tó ni ojú irin náà. Ilé iṣẹ́ yìí ní òkìtì àti ibi àgé tó nǹkan bí 190,000 láti bójú tó, púpọ̀ nínú wọn sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún àti àádọ́ta.

Kò sẹ́ni tó lè dúró ti ibi 190,000. Níbí ni ìṣirò ewu ti wọlé, mo sì fẹ́ ká lọ sùúrù díẹ̀ lórí rẹ̀, torí pé òun ni ọkàn iṣẹ́ náà.

*Ewu* ni ohun tó lè ṣẹlẹ̀: òkè lè ya, òkúta lè yí, kọ́fátì lè dí. *Ìwọ̀n ewu* yàtọ̀ sí i. Láti mọ̀ ọ́n, a ó bèèrè bó ṣe rọrùn tó kí nǹkan náà ṣẹlẹ̀, bóyá ọkọ̀ á wà níbẹ̀ tàbí á lè dúró kó tó débẹ̀, àti irú jàǹbá tó máa bá èèyàn. Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ibi méjì lórí ojú irin tí kò tíì sí, láàárín Ìkẹ́rẹ́ sí Ìṣẹ̀. Ní ibi kìíní, ògiri ìlẹ̀pa gíga kan ti là lókè, ó hàn gbangba pé ó máa ya lọ́jọ́ kan, àmọ́ àyè gbalasa wà láàárín rẹ̀ àti irin, ọ̀nà sì tọ́ tí awakọ̀ á fi rí i láti òkèèrè. Ní ibi kejì, kọ́fátì kékeré ni, tí ọmọdé lè dúró nínú rẹ̀, lábẹ́ òkìtì gíga, lẹ́yìn kọ́nà tí igi bò. Gbogbo ẹni tó bá kọjá á na ìka sí ògiri gíga yẹn. Oníṣirò ewu á kọ́kọ́ lọ sídìí kọ́fátì. Ọkọ̀ tó ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan lè nílò nǹkan bí kìlómítà kan kó tó dúró; nígbà tí awakọ̀ á bá fi rí i pé òkìtì ti lọ, ó ti débẹ̀. Bó bá sì jábọ́, inú àfonífojì ló ń lọ.

Ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe fẹ́ ṣírò ohun tí a kò mọ̀. A gbọ́dọ̀ mọ irú ilẹ̀ tó wà níbẹ̀, ó sì lè yí padà láàárín ìrìn wákàtí kan. Ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó ọkọ̀ ní oṣù Kẹfà 2021, gùn tó 157 kìlómítà. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ iyanrìn àti àbàtà etí òkun, ó gba agbègbè Pápáláńtò àti Éwékorò níbi tí òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì wà, ó dé Abẹ́òkúta sórí irú àpáta tó jọ ti Èkìtì. Ohun tó ń mú ilẹ̀ yẹ̀ ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́tta ní Èkó kọ́ ló ń mú un yẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní orílẹ̀-èdè Benin, ojú irin tó ti Kútọnu lọ sí Parakou la àfonífojì Lama kọjá, níbi tí amọ̀ dúdú wà tó ń wú bí òjò bá rọ̀, tó sì ń sán bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé. Kò sí òkè tó máa ya níbẹ̀. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ náà ló ń gbé irin sókè sódò fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá gbé ìwé ìlànà Lama wá sí Ìjàn, ohun tí kò sí ló máa máa wá kiri.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mọ ibi tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mójú tó, àtúnṣe tó kù kì í sábà jẹ́ ohun àràmàǹdà. Gọ́tà lókè ibi àgé, kí àgbàrá má baà dé ojú ògiri rárá. Páìpù tí wọ́n gún sínú òkè ní ojúkò tí omi ti ń sun, kí ìtì omi lè rọlẹ̀. Gígé ògiri náà kó túbọ̀ dagẹ̀rẹ̀. Àpótí wáyà tí wọ́n kó òkúta sí nídìí rẹ̀, kí ó dúró kí omi sì tún lè gba àárín rẹ̀. Àmọ́ ògiri kọnkéré tí kò ní ihò omi, ṣe ló ń kó ìtì omi jọ sẹ́yìn ara rẹ̀. Koríko tí gbòǹgbò rẹ̀ jìn. Lórí àwọn ibi tó le jù, wọ́n máa ń gbin ẹ̀rọ kékeré tó ń mọ̀ bí òkè bá tẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì ń fi rádà láti inú sátẹ́láìtì wo ilẹ̀ tó ń sún ní ìwọ̀n mìlímítà. Bí òjò bá ti kọjá ìwọ̀n kan, wọ́n á ní kí ọkọ̀ rọra máa rìn, tàbí kó má rìn rárá. Èyí tó kẹ́yìn yìí kò náwó tó àwọn yòókù, òun náà ló ṣòro jù láti ṣe, torí ariwo àwọn èrò tó ti sanwó.

Gómìnà kan kì í gé ríbọ́ǹnù nítorí gọ́tà tí wọ́n gbá. Ìyẹn ni wàhálà iṣẹ́ yìí ní ọ̀dọ̀ tiwa.

Wàhálà mìíràn ni pé ìlà ilẹ̀ tí ojú irin ní kò fẹ̀, omi tó ń bọ̀ wá bá a sì ti ìta wá. Ẹni tó dáko sórí òkè tó wà lókè ibi àgé, tó sun igbó, tó la poro tó dojú kọ ìsàlẹ̀, ó ti darí àgbàrá sí ojú irin láì mọ̀. Ọjà tó ń da pàǹtírí sínú odò tó ń ṣàn lọ bá Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ń dí kọ́fátì tí kò fojú rí rí. Ọ̀nà mọ́tò náà wọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 2016, òjò gé títì tó so Yaoundé pọ̀ mọ́ Douala ní Cameroon, ní Matomb, níbi tí kọ́fátì ti wó. Àwọn èrò ya lọ sí rélùwéè, wọ́n so ọkọ̀ kún ọkọ̀ kí ó lè gbà wọ́n, ọkọ̀ náà sì yẹ̀ ní Éséka, ó pa èèyàn 79, ó kéré tán. Ìwádìí ìjọba dá ẹ̀bi lé eré àsápajúdé; ilẹ̀ abẹ́ irin kò ṣe nǹkan kan. Síbẹ̀, kọ́fátì ojú títì ló kó àwọn èrò náà dé ibùdókọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Fún ìdí èyí, bí àwọn awọnlẹ̀ bá dé Ìjàn lọ́jọ́ kan, àgbà àgbẹ̀ tó mọ ibi tí omi máa ń gbà nínú oṣù Kẹsàn-án wúlò fún wọn tó ẹ̀rọ tí wọ́n gbé wá. Á lè fi igi tó tẹ̀ nídìí hàn wọ́n, tí èyí tó hù lókè tún nà ró, àmì pé ilẹ̀ ibẹ̀ ti ń sún díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tí igi náà ti wà ní kékeré. Á lè sọ ọdún tí odò kún kọjá ibi tí ẹnikẹ́ni rò. Kí wọ́n sì wá lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan ní oṣù Kejì, tí koríko ti gbẹ tí ojú lè rí ìlà tó sán lára òkè, àti lẹ́ẹ̀kan lábẹ́ òjò, pẹ̀lú bàtà rọ́bà, nítorí pé omi tó ń sun láàárín àpáta jíjẹrà àti àpáta gidi kì í jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bó ti wù kí owó àwọn tó wá wò ó pọ̀ tó.